Sọ́fúwíà Tó Mọ Orúkọ Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbọ́ bí ẹwà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn mí jẹ nílùú Bìní, nígbà tí mò ń ṣe tíṣà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ugbowo.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Ẹgbẹ́ òbí ra kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo fún wa. Ṣé ẹ rántí ìgbà yẹn, tí èèyàn gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà kó tó wọ yàrá kọ̀ǹpútà? Madam, ọ̀gá iléèwé wa, ọmọ Ẹdó tó fẹ́ràn àwàdà, ní kí n yan sọ́fúwíà tí a ó fi tọ́jú àwọn rẹ́jísítà àtijọ́, torí ikán ti fẹ́ fi wọ́n ṣe oúnjẹ àárọ̀.

Olùtajà méjì fún wa ní dísìkì wọn ká dán an wò. Èmi àti akọ̀wé wa tẹ rẹ́jísítà kan náà sínú méjèèjì. Àkọ́kọ́ ní àwọ̀ mèremère, ó tún ń kọrin! Orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá àti ọjọ́ ìbí nìkan ló gbà. Èkejì kò lẹ́wà rárá, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú rẹ́jísítà ló gbà, títí kan orúkọ ẹni tó mú ọmọ wá. Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ tìkùnsínú-tìkùnsínú. Kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Mo ti kọ lẹ́tà pé olórin la máa rà.

Ni Sístà Dúpẹ́ bá dé. Nọ́ọ̀sì ni, ìjọ kan náà la jọ ń lọ, Uwasota ló sì ń gbé. Wọ́n ti mú un fún ẹ̀kọ́ gíga, àfi kó mú ẹ̀rí iléèwé àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíì ni wọ́n máa mú. Ìjì ti ba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́. Ọ̀dọ̀ wa ló sì ti kàwé, rẹ́jísítà ọdún tó wọlé gan-an la sì tẹ̀.

Mo tan olórin. Mo tẹ Modúpẹ́, orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kò sí. Orúkọ bàbá rẹ̀, kò sí. Kò sì lè fi ọjọ́ ìbí wá èèyàn. Orin ń dún, omijé ń bọ́ lójú Sístà. Ojú tì mí gan-an.

Madam dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “My pikin, who carry you come school that first day?”

Sístà ní ìyá tó bí ìyá òun ló mú òun wá síléèwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí bàbá òun ń ṣiṣẹ́ ní Kano nígbà yẹn.

Háà! Àwa Yorùbá kúkú mọ ara wa. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, bàbá á sọ tirẹ̀, ìyá á sọ tirẹ̀, ìyá àgbà náà ò ní gbẹ́yìn. Ẹni tó bá wá mú ọmọ lọ síléèwé, èyí tó wù ú ló máa dá fún tíṣà!

Mo ki dísìkì kejì bọ̀ ọ́, mo tẹ orúkọ ìyá àgbà. Ẹ̀rọ náà rò ó títí. Ó gbé e jáde: Ibídùn. Orúkọ ọkọ ara rẹ̀ ni Màmá fi ṣe orúkọ ìdílé ọmọ! Nígbà tí bàbá dé, ó ní Modúpẹ́ ni kí wọ́n máa pè é, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún rẹ́jísítà ṣe.

Sístà rọra sọ pé láti ìgbà tí Màmá ti kú, kò sẹ́ni tó pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Inú mi dùn débi pé bàtà Madam ni mo wọ̀ jáde.

Lọ́jọ́ náà ni Madam buwọ́ lu lẹ́tà ẹ̀rí rẹ̀, pé Ibídùn àti Modúpẹ́, ẹnì kan náà ni. Èmi náà ya lẹ́tà tèmi, èyí tí mo kọ pé olórin la máa rà. Sístà lọ kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, àwa sì ra sọ́fúwíà tí kò lẹ́wà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn wo ẹrù rẹ̀ dáadáa kó tó ra apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló mú yín lọ síléèwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orúkọ wo ló sì dá fún tíṣà? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá ṣì wà láyé, ẹ kọ́kọ́ lọ kí i ná.