Ẹja tí Che Masudi Ń Rọ̀ Pé Kó Má Bẹ̀rù

Che Masudi ló kọ́ mi níṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun lónìí. Èmi Bwanali yìí náà ni mo sì jẹ́ kí wọ́n lé e kúrò nídìí iṣẹ́ ọ̀hún. Bó ṣe rí nìyẹn, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Létí adágún wa níbí, a máa ń mú ẹja láàyè fún àwọn òyìnbó tó ń fi ẹja ṣe ẹ̀ṣọ́ inú ilé. Èmi ni mò ń wọ omi lọ mú un. Che Masudi ló ń tọ́jú rẹ̀ nínú àpótí gíláàsì títí ọjọ́ tí ọkọ̀ òfuurufú á gbé e lọ. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ṣe é.

Ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ẹ̀rù ló máa ń kọ́kọ́ fẹ́ pa á. Á máa sáré kọlu gíláàsì títí imú rẹ̀ á fi bó. Che Masudi á ta ẹní bo ojú àpótí kí ìmọ́lẹ̀ lè dín kù. Á ní ká wú òkúta wá láti ibi tí a ti mú ẹja náà gan-an, á tò ó kó ní ihò tó lè sá sí. Lẹ́yìn náà, á kó ẹja kéékèèké mẹ́ta tí ara wọn ti balẹ̀ sí i.

"Bí àlejò bá wọ ìlú, tó rí i tí ọmọdé ń ṣeré níta," ó máa ń wí, "á mọ̀ pé kò sógun níbẹ̀."

Bàtà ò gbọ́dọ̀ dún ní yàrá yẹn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ géérégé ló máa ń fún wọn lóúnjẹ, kì í yẹ̀. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Che Masudi, ṣé báyìí lẹ ṣe ń rọ Abiti ìyàwó yín nílé?"

"Abiti kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni," á dáhùn. "Èmi ni mò ń wá òkúta sá sí."

Ní oṣù kẹjọ tó kọjá, òyìnbó kan béèrè fún ẹja aláwọ̀ aró kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo rí akọ kan mú. Ẹja ibú, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan. Inú àgbá oníhò lẹ máa fi í sí, ẹ ó so ó mọ́ okùn, ẹ ó máa fà á sókè díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, á ṣe é léṣe nínú.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni ọmọkùnrin tí àbúrò mi obìnrin bí máa jáde nínú igbó ìkọlà. Lọ́dọ̀ tiwa, arákùnrin ìyá ló ni ọmọ. Bí mi ò bá sí níbẹ̀, ta ló máa gbà á? Ni mo bá fa àgbá náà sókè lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ikùn ẹja náà wú, ó ń léfòó, ó dorí kodò. Mo mú abẹ́rẹ́, mo gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, afẹ́fẹ́ jáde, ó sì tún ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa lójú ẹni tí kò mọ̀.

"Ọjọ́ mélòó lo fi gbé e wá?" Che Masudi bi mí.

"Ọjọ́ mẹ́ta, bàbá."

Ẹja náà wọ abẹ́ òkúta, kò jáde. Kò jẹun. Bí ó bá jáde, gíláàsì ló ń sáré kọlù. Che Masudi ta ẹní, ó pààrọ̀ omi, ó tún òkúta tò. Á lóṣòó síwájú àpótí, á máa sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Má bẹ̀rù mọ́, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó máa ṣe ọ́ ní nǹkan." Ọkàn mi ń gún mi. Mo gbálẹ̀ lọ, mo gbálẹ̀ bọ̀.

Lọ́jọ́ kejìlá, ọ̀gá wa ní ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì, kò mọ ẹja tọ́jú mọ́, kí ó lọ sinmi nílé. Mo dúró níbẹ̀ bí òpó. Che Masudi ká ẹní ìjókòó rẹ̀, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lọ. Èmi ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ẹja náà jáde, ó jẹun. Ọ̀gá gbá mi léjìká, ó ní mo lọ́wọ́ ire. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹ òkèlè nsima mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo bọ́ sọ́nà, ó di ilé Che Masudi. Ó ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi máńgòrò.

"Ṣé ó ti jẹun?" Ó ti bi mí kí n tó kí i tán.

"Ó ti jẹun, bàbá. Bàbá, irọ́ ni mo pa fún yín. Ọjọ́ kan ni mo fi gbé e. Mo sì gún un lábẹ́rẹ́."

Ó gbé àwọ̀n sílẹ̀.

"Kì í ṣe ẹ̀rù," ó wí. "Ara ló ń dùn ún. Ká ní o sọ fún mi ni, à bá dá a padà sínú àgbá, à bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú omi, ara rẹ̀ ì bá sì yá ní ọjọ́ mẹ́ta péré. Wo gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń rọ̀ ọ́ pé kò sẹ́ni tó máa ṣe é ní nǹkan, Bwanali."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní mo máa lọ sọ fún ọ̀gá.

"Ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹ." Ó wo oòrùn. "Aago mẹ́rin ti fẹ́ẹ́ lù. Lọ fún un lóúnjẹ. Má jẹ́ kó dúró."

Mo sáré padà. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo ṣe ki ọwọ́ bọ omi, ẹja aláwọ̀ aró náà jáde lábẹ́ òkúta, ó wá tààrà sídìí ìka mi, ó ń jẹun, kò bẹ̀rù mi rárá. Ọwọ́ tí mo fi gún un náà ni.

Títí di òní, mi ò tíì sọ fún ọ̀gá.