Olùkọ́ Tó Ní Ká Jókòó

Bírò ni olùkọ́ kíláàsì wa ní Ìgándò fi ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sínú ìwé orúkọ kíláàsì, kì í lo pẹ́ńsùlù tí wọ́n lè pa rẹ́. Lọ́jọ́ tí mo dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọ kíláàsì ń sín ohùn mi jẹ. Olùkọ́ wa kò bá wọn wí. Èmi ló ní kí n máa kàwé sókè fún wọn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, títí yẹ̀yẹ́ náà fi sú wọn.

Nígbà tó yá, ọ̀gá ilé ìwé wọ kíláàsì wa, ó ní kí àwọn ọmọ tí kò mú ìwé ẹ̀rí wá láti ilé ìwé tí wọ́n ti ń bọ̀ máa lọ sílé, torí èrò ti pọ̀ jù. Àwa mẹ́rin la dìde.

“Ẹ jókòó,” ni olùkọ́ wa wí. Ó wá kọjú sí ọ̀gá. “Ẹ má bínú, mà. Ibi tí ọmọ bá ń sùn ló ti ń lọ sílé ìwé. Àdúgbò yìí ni wọ́n ń sùn.”

Ọ̀gá wò ó, ó sì jáde. Kí sáà náà tó parí, wọ́n ti gbé olùkọ́ wa lọ sí ilé ìwé mìíràn ní Ìdímù. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò kúrò.

Lọ́dún tó kọjá, mo rí olùkọ́ náà ní ibùdókọ̀ Ìkọ̀tún. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sọ orúkọ mi, àmọ́ kò rántí mi.

“Ẹ pọ̀ jàre,” ó ní. “Ṣé o ṣáà parí ilé ìwé?”

“Mo parí, mà.”

Ó ní ó dáa, ó sì wọ ọkọ̀ lọ.