Mọ́tò Tí Kò Dá Rálíà Lóhùn

Òórùn kan ló dá mi dúró lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Mò ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ní Mówè, mo gba ẹ̀gbẹ́ pápá tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ni òórùn yẹn bá kọlù mí nímú: ó dùn díẹ̀, ó ta díẹ̀, bí ìgbà tí òróró bá jó mọ́ lọ́fínńdà. Ariwo tín-ín-rín kan tẹ̀ lé e. Mo yà síbẹ̀. Àwọn géńdé onírùngbọ̀n, àwọn tó yẹ kí wọ́n máa wá ìyàwó, ni wọ́n dúró yíká tí wọ́n ń fi rìmóòtù wa mọ́tò akẹ́rù ìṣeré tí kò ga dé orúnkún mi.

Ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò náà kọ̀, kò táàtì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ín ti dojú rẹ̀ dé, ó ti tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ó ń fa okùn rẹ̀ kí epo lè tú jáde. Ó ní, "Epo ló mu yó, mà." Mo bi í, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, pé ṣé pẹtiróòlù àti ọ́ìlì ló pò pọ̀ fún un, bíi ti jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Pẹtiróòlù kẹ̀? Háà, Mọ́mì! Epo tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni o. Bí ẹ bá bu pẹtiróòlù sí i, tí ẹ fa okùn títí ilẹ̀ fi ṣú, á kàn máa yó ni. Kò lè táàtì láéláé."

Mo wá ibi jókòó. Ó bi mí bóyá oòrùn ló ń mú mi, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Oòrùn kọ́. Rálíà ni mo rántí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń rí Ìbàfò lónìí, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí nígbà tí a kó débẹ̀. Ilé kan, oko ẹ̀gẹ́ kan, ilé kan, àkùrọ̀ kan. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀pọ̀lọ́ á fi ariwo gba àdúgbò kan, èèyàn á sì gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ títí á fi dé títì márosẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Nílé Bàbá Dípọ̀ ni èmi àti ìyá mi háyà yàrá kan sí. Bàbá Dípọ̀ tó nilé àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé níwájú, níbi tí kápẹ́ẹ̀tì wà. Àwa ayálégbé wà lẹ́yìn, níbi tí ẹ̀fọn wà. Kànga kan náà la jọ ń fà, ṣùgbọ́n korobá ìyá Dípọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kún. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn ilé yẹn. Bí wọ́n bá ń yan gààrí lódìkejì ọ̀nà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, a ó sì jókòó síbẹ̀ máa gbé itọ́ mì.

Rálíà ni ọmọ ọ̀dọ̀ wọn. Apá Ìsẹ́yìn ni ìyá Dípọ̀ ti mú un wá, ó sì ṣèlérí fún bàbá rẹ̀ pé òun á máa rán an lọ sílé ìwé. Ó jù mí lọ, ṣùgbọ́n kíláàsì kan náà la wà, nítorí ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ nǹkan sí ló ń kà sókè: agolo mílíìkì, páálí ọṣẹ, àní pósítà òkú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tayọ̀tayọ̀ ló fi ń kà á. Ìdánwò àtiwọ girama ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà náà, kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀.

Àsìkò yẹn ni àbúrò Bàbá Dípọ̀ fi mọ́tò ìṣeré kan ránṣẹ́ sí Dípọ̀, ọmọ wọn, láti òkè òkun, pẹ̀lú ìgò epo aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ẹ wo ayé! Mọ́tò ìṣeré tó ní ẹ́ńjìnnì gidi láyà, tó ń tú èéfín! Gbogbo wa ń sáré tẹ̀ lé e nínú eruku, Dípọ̀ sì ń fi í lé wa lẹ́sẹ̀ kí ó lè rí wa bí a ṣe ń ṣubú. Kò pẹ́ tí epo inú ìgò fi tán. Bàbá Dípọ̀ kò da ara rẹ̀ láàmú: ó bu pẹtiróòlù, ó lú ọ́ìlì díẹ̀ mọ́ ọn, bí gbogbo ilé ní Ìbàfò ti ń ṣe fún jẹnẹrétọ̀ wọn, ó sì rọ ọ́ sí i. Dípọ̀ fa okùn. Mọ́tò dákẹ́ lọ gbári.

Nílé yẹn, nǹkan kì í ṣàdédé bàjẹ́. Ìyá Dípọ̀ béèrè ẹni tó fọwọ́ kan mọ́tò kẹ́yìn. Rálíà ni, ìyá Dípọ̀ fúnra rẹ̀ ló sì rán an pé kó fi àkísà tútù nu eruku ara rẹ̀. Ẹjọ́ parí síbẹ̀. Ó ní, "O ti bomi sí ẹ́ńjìnnì ọmọ mi. Kí àbúrò ọkọ mi tó wá ṣọdún, mọ́tò yìí gbọ́dọ̀ ké. Bí kò bá ké, ìwé tìẹ ti parí nìyẹn, wàá padà lọ máa hú ẹ̀gẹ́ lóko bàbá ẹ."

Bọ̀dá tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní oríta ló ṣàánú Rálíà. Ó ní epo ló kún mọ́tò náà lọ́fun. Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe tú púlọ́ọ̀gì, tí yóò dojú mọ́tò dé, tí yóò fa okùn kí ó lè bì, tí yóò sá púlọ́ọ̀gì sóòrùn, tí yóò tún un dè. Ọ̀rọ̀ tó sọ kò burú, epo ló kún un lóòótọ́. Kò kàn sẹ́ni tó mọ̀ pé epo náà gan-an ni kì í ṣe tirẹ̀.

Ni Rálíà bá bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, lójú gbogbo ilé, kí wọ́n tó fún un lóńjẹ, á fà á. Okùn náà á le gan-an, á há, Rálíà á tú púlọ́ọ̀gì, epo á ta sí i lójú. Á nu ojú, á tún fà á. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó, ó wé àkísà mọ́ ọn. Dípọ̀ á jókòó sórí àga pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́, á máa pariwo pé, "Fà á dáadáa jọ̀ọ́!" Àwọn ọmọ ayálégbé sọ ọ́ lórúkọ: Rálíà a-fomi-pa-mọ́tò. Nígbà tí mo bá a dì í mú níjọ́ kan, ìyá mi fi etí wọ́ mi wọlé. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n kó ẹrù wa síta ni?" Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Irọ́ gbuu! Àgbà kún ilé wa fọ́fọ́, wọ́n ń jẹ ẹ̀bà wọn, wọ́n ń wò ó.

Nígbà tí ọdún Kérésì kù díẹ̀, ìyá Dípọ̀ gba aṣọ ilé ìwé lọ́wọ́ Rálíà. Ó ní owó òun lòun fi rán an. Ó fi aṣọ yòókù sínú báàgì ọ̀rá, ó mú un lọ sí gáréèjì Mówè. Mo yọ́ tẹ̀ lé wọn. Rálíà kò sunkún. Ó yọrí lójú wíńdò bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi í sí, ó ní, "Bá mi máa fà á o. Ó ti fẹ́ gbọ́ràn. Lánàá, ó ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ wúkọ́." Mi ò rí i mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ tí àbúrò Bàbá Dípọ̀ dé, ó gbé ìgò epo tuntun jáde nínú báàgì. Ó da ti inú mọ́tò nù, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì sọ òyìnbó kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sáré ju etí mi lọ. Mo rí ojú Bàbá Dípọ̀ bó ṣe yí padà. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó wọlé lọ. Mo ti ń ṣe kàyéfì ojú yẹn láti ìgbà náà, ọjọ́ Àìkú tó kọjá yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ohun tó gbọ́. Wọ́n rọ epo tuntun sí i, wọ́n fa okùn, mọ́tò han gooro. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ìyá Dípọ̀ sì kígbe, "Ẹ ò rí nǹkan! Orí burúkú ọmọ yẹn ló ń bá a jà. Ó lọ tán, ó ké! Orí burúkú kì í gbọ́ ọṣẹ." Bàbá Dípọ̀ gbọ́ ọ láti inú ilé. Kò jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá yìí, inú bí mi débi pé n kò lè sùn. Ìbàfò ti yí padà, oko ẹ̀gẹ́ ti di ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé epo, ẹ̀yin sì lè bi fóònù yín léèrè ohun tí mọ́tò ń mu. Ìyá Dípọ̀ ṣì wà láàyè nínú ilé kan náà. Mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí àgbà ni, mo sì sọ fún un pé kì í ṣe omi ló pa mọ́tò yẹn, pé ọmọ ọ̀dọ̀ tó lé lọ kò ṣẹ̀.

Ó ní, "Èwo nínú wọn?"

Mo ní Rálíà. Ó mirí, ó ní, "Wọ́n pọ̀, ọmọ mi." Ó wá nahùn pé kí wọ́n gbé omi wá fún àlejò. Ọmọbìnrin kékeré kan sáré jáde láti kíṣìnnì, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ife lórí àwo. Mo bi í bóyá ó ń lọ sílé ìwé. Ó kọ́kọ́ wo ojú ìyá Dípọ̀ ná kó tó dá mi lóhùn.