Òkúta Tantí Mi

Tí mo bá gbọ́ tí òkúta kọlu òkúta báyìí, kò!, inú mi á kàn máa dùn, torí tantí mi ni mo máa ń rántí! Àbúrò ìyá mi ni. Ọkọ ẹ̀ ti kú, ó wá ń gbin ẹ̀pà ní abúlé Tré lórí ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ yá a. Kò gbọ́dọ̀ gbin igi síbẹ̀ o, torí ẹni tó bá gbin igi ló ni ilẹ̀. Á ṣa òkúta oko náà tán, á kó wọn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa bá wọn wí: "Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ má padà wálé mọ́!" Ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní kọlẹ́ẹ̀jì pé òfin gbà kí obìnrin ní ilẹ̀, mo sáré, mo sáré dé oko ẹ̀, mi ò tiẹ̀ bọ́ aṣọ ilé-ìwé.

"Tantí! Òfin ní ẹ lè ní ilẹ̀!"

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ọmọ mi, òfin yẹn, ṣé ó mọ ọ̀nà Tré?"

Mo wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ ló ń gbẹ́ ihò tó fẹ́ gbin igi kajú sí láàárín ẹ̀pà! Èmi tí mo gbé òfin wá, mo kúnlẹ̀ kí i: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó kọjú sí Tantí, ó ní, "Ìyàwó, tó o bá ti hú ẹ̀pà yìí, máa lọ dáko sí ìdí àpáta lọ́hùn-ún."

Tantí ní, "Ẹ ṣé, bàbá."

Nígbà tá a dé ìdí àpáta, òkúta ló kún ibẹ̀. Tantí wò mí. "Ìyá olófin, ó yá, bẹ̀rẹ̀."

Mo bọ́ bàtà. Kò! Kò!