Bọ́ọ̀lù Tó Ń Sọnù Lójú Ìyá Mi

Ìyá mi pè mí láti Ìbíadé lọ́sàn-án Sátidé kan, wọn ò tilẹ̀ dúró kí n kí wọn tán. "Bọ́ọ̀lù tún ti sọnù," ni wọ́n wí. "Wọ́n gbá a, mo ń wò ó, ó kàn pòórá ni. Ìgbà tí mo máa fi tún rí i, ó ti wà nínú àwọ̀n. Kí lo so mọ́ orí ilé mi gan-an?"

Kí n má purọ́, inú mi dùn. Iṣẹ́ díṣì ni mo ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí àwòrán ẹnikẹ́ni bá ń já, èmi ni wọ́n ń pè, mo sì mọ ìdí tí bọ́ọ̀lù fi ń sọnù nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń wá ẹni tí mo máa ṣàlàyé rẹ̀ fún. Àwọn oníbàárà mi kì í fẹ́ gbọ́ àlàyé. Kí àwòrán ṣáà ti dé ni tiwọn.

Àmọ́ ó yẹ kí ẹ mọ nǹkan kan nípa ìyá mi kí n tó lọ jìnnà. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ fọ́jú kó tó kú. Ìyá mi ló máa ń di orí ọ̀pá bàbá náà mú, tí wọ́n á máa fà á lọ sí mọ́ṣáláṣí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, àwọn ẹgbẹ́ wọn á sì máa ṣeré lọ. Kò sí ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù láyé yìí tó kí àwọn náà di ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀pá fà. Bí wọ́n bá kírun tán, àdúà méjì ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn: kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwọn sin ọmọ, kó má sì gba ojú lọ́wọ́ àwọn.

Mo mọ èyí. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Síbẹ̀ díṣì ni mo ń rò.

Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti kọ́ ọgbọ́n tí mo ń fi yangàn yẹn, nílé kan tó kún fún àwọn ọmọ yunifásítì. Mo lọ tún díṣì wọn ṣe, mo parí rẹ̀, mo wá jókòó wo bọ́ọ̀lù díẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀rún mọ́ koríko lára. Mo pòṣé, mo ní àfi kí n tún gorí òrùlé. Ọmọkùnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó yín jàre. Kì í ṣe díṣì yín ló fà á o. Wọn kì í fi gbogbo àwòrán ránṣẹ́ ni."

Mo ní, "Báwo ni wọn kì í ṣe fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́? Ṣebí òun náà ni mò ń wò yìí?"

Ó ní ẹ̀rọ tó wà nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lọ́hùn-ún máa ń fi odidi àwòrán kan ránṣẹ́. Nígbà tí èyí tó tẹ̀ lé e bá tó, á bi ara rẹ̀ pé kí ló yí padà? Ohun tó yí padà yẹn nìkan ló máa fi ránṣẹ́. Dikódà tó wà nílé wa á mú ìyókù látinú èyí tó ti gbà tẹ́lẹ̀, á sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ó ní ọ̀nà tó ń bọ̀ láti ojú sánmà kò fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìkànnì tí wọ́n ń kó gba ibẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ. Mo ní ó ti yé mi: bí awakọ̀ Ìbíadé ṣe ń to èrò mẹ́rin sórí ìjókòó èèyàn mẹ́ta. Gbogbo wọn á dé, ṣùgbọ́n aṣọ á rún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Bí nǹkan tó ń yí padà bá wá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí kámẹ́rà ń sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, tí gbogbo koríko ń lọ, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn nǹkan kéékèèké nù kí ẹrù lè fúyẹ́. Kí ló wá kéré, tó tún yára, tó bọ́ọ̀lù?

Háà! Mo délé, mo fa àga mọ́ tẹlifíṣọ̀n débi pé ìyàwó mi bi mí bóyá mo fẹ́ wọnú rẹ̀ ni. Mo wo obìnrin tó ń ka ìròyìn. Tó bá dúró jẹ́ẹ́, o lè ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. Tó bá yí orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á di igun mẹ́rin-mẹ́rin wẹ́wẹ́, kó tó tún dán padà. Mo wo àfáà kan tó ń ṣe wáàsí: bó bá ti mi orí, irùngbọ̀n rẹ̀ á dì bí ìgbálẹ̀. Mo wo òjò, mo wo odò, mo wo ìdì èèyàn tó ń fò sókè. Àwọn wọ̀nyẹn ló ń bàjẹ́ jù. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ohun tí kò bá mira kì í sọnù. Àmì ilé iṣẹ́ tó wà ní igun lókè, iye góòlù tí wọ́n kọ síbẹ̀, mímọ́ ni wọ́n máa ń wà, ìbáà jẹ́ pé ìyókù ti dàrú. Mo ń sọ ọ́ kiri bí ẹni tó rí wúrà: ohun tí kò bá mira kì í sọnù.

Nítorí náà nígbà tí ìyá mi pè, mo gba Ìbíadé lọ pẹ̀lú àlàyé lẹ́nu. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n ní, "Ṣé pé wọ́n ń bu bọ́ọ̀lù jẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa?" Mo ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n wá ní, "Alihamudulilahi. Kì í ṣe ojú mi nígbà náà."

"Ojú yín kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́?"

Òótọ́ ni. Lójú mi ni wọ́n ṣe fi òwú bọ abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wọlé. Egungun ẹja tó tín-ín-rín bí irun, wọ́n á rí i yọ. Ta ló máa rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó ní ojú ń dùn ún?

Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo lọ, mo gbé díṣì tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó wà lórí òrùlé kì í rí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó wà ní pálọ̀ ló máa ń bá a wò ó. Ìlà kan wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán tó ń gùn bí díṣì bá ṣe ń kọjú síbi tó yẹ. Ẹni òkè á pariwo, ẹni ìsàlẹ̀ á dáhùn. Mo wà lókè nínú oòrùn, mo ní, "Màmá, ìlà yẹn ńkọ́?"

"Ó ti kún!"

"Ẹ wò ó dáadáa o!"

"Mo ní ó ti kún, sọ̀ kalẹ̀ jàre!"

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ìlà náà ò ju ìdajì lọ. Mo ní bóyá atẹ́gùn ló ti díṣì. Mo padà gòkè, mo sì pe àbúrò mi obìnrin tó ń gbé pẹ̀lú wọn kó wá bá mi wò ó.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, dikódà tuntun ni mo gbé lọ, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Mo gbé kékeré àtijọ́, èyí tó ní ẹ̀yìn gbàǹgbà, jù sí yàrá ẹrù. Mo tún gorí òrùlé, mo tún gbogbo rẹ̀ tò. Àwòrán náà dán débi pé o lè ka ewé koríko. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ìyá mi pè. Wọ́n ní ó tún burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Inú bí mi. Mo bú ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mo bú àwọn tó ń kó ìkànnì jọ bí ẹrù kòkó. Àbúrò mi gba fóònù, ó rọra ní, "Bùọ̀dá mi, Màmá ti ń gbá kẹ́tù àlùwàlá dànù o. Lánàá, wọ́n tún fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Ṣé kì í ṣe ojú báyìí?"

Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní òun ló ń gbé kẹ́tù sójú ọ̀nà. Mo ní ṣé òun ló kọ́ iṣẹ́ díṣì ni? Ó dá fóònù padà fún Màmá. Títí dòní, bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i yẹn, ojú máa ń tì mí.

Mo tún padà lọ lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ tí ìyá mi fẹ́ràn, àwọn tó ń wọ pupa, fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Mo ní màá jókòó tì wọ́n, màá fojú ara mi rí ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń sọnù. A jókòó. Àwòrán dúró ire. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti ń gbá a, mo lọ mu omi ní ẹ̀yìn, mo padà wọlé. Ìyá mi ní, "Mélòó ni wọ́n ti jẹ báyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ wà níbí lẹ ń bi mí? Ṣebí ó wà níbẹ̀ yẹn."

"Níbo?"

Iye góòlù wà ní igun lókè, lápá òsì, funfun lórí dúdú. Kò mira. Ohun tí kò bá mira kì í sọnù, èmi ni mo ń sọ ọ́ kiri. Kò sí ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́ nù. Dikódà kọ́, díṣì kọ́, ojú sánmà kọ́.

Mo ní, "Màmá, ẹ máa wo ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn, ẹ má yíjú o." Mo na ọwọ́ mi sí ẹ̀gbẹ́ wọn, mo yọ ìka mẹ́ta. "Ìka mélòó rèé?"

"Ọwọ́ dà?" ni wọ́n bi mí.

Àwọn náà gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Bíi ti bàbá mi, àbí?" Mo di ọwọ́ wọn mú.

Bí ojú bá ń sunkún, a máa ríran. Ọjọ́ Mọ́ńdè la ti wà nílé ìwòsàn ojú. Dókítà, obìnrin kan tó fara balẹ̀, fi iná wo ojú wọn, ó ní kí wọ́n máa tẹ nǹkan kan bí wọ́n bá ṣe ń rí iná wẹ́wẹ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Dókítà ní omi inú ojú wọn ń ru, ó ń tẹ iṣan tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló máa ń kọ́kọ́ mú lọ, á fi àárín sílẹ̀ títí dìgbẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fi ń gba òwú. Ó ní ojú òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Àárín ojú ọ̀tún ṣì kù, oògùn kíkán láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ lè bá wa dì í mú. Ó ní irú rẹ̀ máa ń bá ìdílé jà, kí èmi àti àbúrò mi náà jókòó kí wọ́n wo tiwa.

Mo ní, "Báwo ni wọn ò ṣe mọ̀? Ṣé wọn ò rí i pé ẹ̀gbẹ́ ṣókùnkùn ni?"

Ó ní kì í ṣókùnkùn. Ọpọlọ kì í fi àyè tó ṣófo hàn èèyàn. Ohun tó bá mọ̀ pé ó yẹ kó wà níbẹ̀ ló máa fi dí i.

Nínú ìbànújẹ́ yẹn, orí mi ṣì jí sí ọ̀rọ̀ náà. Mo ní, "Bí dikódà ṣe ń ṣe nìyẹn!" Dókítà wò mí, ó béèrè ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní iṣẹ́ mi dára. Mo wá bi í pé ká ní a ti wá nígbà tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ sọnù ńkọ́? Ó tẹ orí ba díẹ̀. Ó ní, "Ohun tó wà lójú wọn nígbà náà, à bá ti dì í mú."

Ká tó kúrò, ó béèrè bí tẹlifíṣọ̀n wọn ṣe tóbi tó. Mo fi ọwọ́ hàn án. Ó mi orí. Ó ní ẹni tó ń gba ojú ihò kóró wo nǹkan, bí àwòrán bá ṣe fẹ̀ tó ni púpọ̀ rẹ̀ á ṣe máa bọ́ sẹ́yìn ihò náà. Kékeré ni kí wọ́n máa wò, kí wọ́n sì jìnnà sí i díẹ̀. Mo dúpẹ́, mo jáde. Mo sunkún lẹ́yìn ilé náà kí n tó lọ wá ọkọ̀.

Mo gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré jáde láti yàrá ẹrù, mo nu eruku rẹ̀, mo so ó mọ́ dikódà. Àwòrán rẹ̀ burú! Àwọ̀ ń ṣàn wọnú ara wọn, bọ́ọ̀lù kò ju hóró gààrí lọ. Bí oníbàárà bá fi irú rẹ̀ hàn mí, màá ní kó gbé e jù nù. Mo fa àga ìyá mi sẹ́yìn, ó di ara ògiri.

"Ọ̀kan sí òdo," ni wọ́n wí. Ẹnì kankan ò bi wọ́n.

Ó di ìrọ̀lẹ́, mo ní kí wọ́n gbé orí sẹ́yìn kí n kán oògùn. Mo fà wọ́n ní ìpéǹpéjú, mo sún mọ́ wọn. Mi ò rántí ìgbà tí mo ti wo ojú ìyá mi súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní, "Ìlà yẹn, mi ò rí ìlà kankan o. Oòrùn ló ń pa ọ́ lókè, mo fẹ́ kí o sọ̀ kalẹ̀ ni."

Mo ní kí wọ́n dárí jì mí.

"Nígbà tí o ní àwọn ló ń bu bọ́ọ̀lù jẹ, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á. Èmi náà fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀." Oògùn ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n nù ún. "Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lo gun òrùlé mi. Ká ní o yọ ẹyọ kan fún ojú mi níbẹ̀."

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgò oògùn lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n yẹra níwájú tẹlifíṣọ̀n, àwọn agbábọ́ọ̀lù fẹ́ gbá kọ́nà.