Rọ́bà Omi Lórí Ebè

Aránṣọ ni mí. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí ohun tí aránṣọ ń wá nídìí rọ́bà omi. Ikú ọkọ mi ló gbé mi débẹ̀.

Ó kọ ebè ọdún náà tán, ó gbin iṣu sí i, àìsàn ọjọ́ mẹ́ta sì mú un lọ kí iṣu náà tó ta dáadáa. Mo ṣì wọ aṣọ ọ̀fọ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè mí síwájú àwọn àgbà ilé. Ó ní, "Ìyàwó, o mọ bí a ṣe ń ṣe ní Manigri níbí. Ẹni tó gbin igi ló ni ilẹ̀. Àbúrò mi ò gbin igi kankan síbẹ̀. Bó o bá gbin kajú, ibi tí wọ́n bá ti rí òjò ọdún tó ń bọ̀, ìwọ àtàwọn ọmọ rẹ lẹ ni ín. Ibi tí wọ́n bá kú sí, ẹbí ló ni ín."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ibí máa ń pa ọmọ kajú? Òun náà mọ̀.

Nígbà tí a wa iṣu tán, mo fi ọwọ́ dí ẹnu ebè kọ̀ọ̀kan padà, mo sì gbin ogójì ọmọ kajú sórí wọn. Orí ebè la máa ń gbin nǹkan sí nílé wa. Ju ìyẹn lọ, ebè wọ̀nyẹn ni iṣẹ́ tí ọwọ́ ọkọ mi ṣe kẹ́yìn. Ọlọ́wọ́ òsì ni, gbogbo ebè rẹ̀ ló ń tẹ̀ sí apá kan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. N kò lè tú wọn ká.

Òjò dá, ọyẹ́ dé. Mo ń ru omi láti ibi pọ́ǹpù lọ sóko, ṣùgbọ́n bí mo bá da omi sórí ebè, ó ń yọ̀ wọ inú poro lọ kí gbòǹgbò tó mọ̀ pé omi dé. Mo ti rí i rí níbi tí wọ́n ti ń gbin tòmátì lọ́nà Bassila, rọ́bà dúdú tó ń kán omi díẹ̀díẹ̀ sẹ́sẹ̀ ewéko. Gutu-a-gutu ni wọ́n ń pè é lédè Faransé. Tiwọn ti òkè òkun ni, apá mi kò ká a. Mo ní èmi náà á ṣe tèmi.

Mo lọ ra rọ́bà lásán lọ́jà Bassila. Mo fi ìṣó gbígbóná dá a lu, ihò náà fẹ̀ jù, omi ń tú jáde bí ìtọ̀ màlúù. Mo fi abẹ́rẹ́ gbígbóná dá òmíràn lu, nígbà tí rọ́bà tutù, ihò náà padé. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo sunkún díẹ̀, mo wá rántí iṣẹ́ mi. Mo ki òwú tó nípọn bọ abẹ́rẹ́, mo gún rọ́bà náà láti ẹ̀gbẹ́ kan já sí èkejì, mo ta kókó sí òwú náà níhà méjèèjì. Omi ń bá òwú jáde, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan. Mo fi okùn wọn àárín ebè sí ebè, mo sì ran ogójì ojú sára rọ́bà náà. Mo dán an wò nínú àgbàlá, kò sí ojú tí kò kán. Mo jó, èmi opó, lọ́sàn-án gangan.

Mo gbé àgbá omi lé bíríkì mẹ́ta létí oko, mo na rọ́bà gba orí ebè kan, ó sọ̀ sínú poro, ó gun orí èkejì. Àràárọ̀ ni mò ń pọn omi kún àgbá náà, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó mọ́, ó ti gbẹ. Mo ní igi mi ń mu ún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé kajú bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, àmọ́ koríko inú poro tutù yọ̀yọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ki ìka bọ ebè: eruku. Mo ki ìka bọ poro: ẹrẹ̀.

Mo gbé àgbá sórí kùkùté igi kó lè ga sí i. Omi túbọ̀ ń tú sínú poro, ó sì ń tán kí orí ebè tó rí nǹkan kan. Wọ́n ní omi téèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni. Tèmi ń ṣàn kọjá lójú mi.

Mo lọ bá ẹni tó ta rọ́bà fún mi ní Bassila, mo pariwo lé e lórí pé ọjà rẹ̀ kò dára. Ó gbọ́ mi tán.

"Màmá, tuyó yìí, rọ́bà tí mo tà fún yín, ò ní àbùkù kankan. Ibo lẹ tẹ́ ẹ sí?"

"Orí ebè ni."

"Ẹ̀yin ará Manigri àti ebè yín! Omi ò lè máa gòkè, kó máa sọ̀. Ẹ tú ebè yẹn ká, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ tẹ́."

"Ọkọ mi ló kọ ọ́."

"Ṣé òun ló máa bomi rin igi ni?"

Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí. Kò mọ̀ pé olóògbé ni mò ń sọ, n kò sì sọ fún un.

Mo mú ọkọ́. Mo gbẹ́ ọmọ kajú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, mo wó ebè, mo sọ igi náà kalẹ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mò ń sunkún, mo sì ń rí bí mo ṣe ń pa ojú ọwọ́ rẹ̀ rẹ́. Nígbà tí mo dé ìdajì oko, ọwọ́ mi kọ̀. Mo bẹ ara mi, mo bú ara mi, mo tún gbé ọkọ́ sókè, n kò lè sọ ọ́ kalẹ̀. Mo tẹ́ rọ́bà sí ìdajì tó tẹ́, mo sì ń fi igbá bu omi sí ìdajì kejì, tí mò ń bẹ Ọlọ́run.

Ìdajì tó tẹ́ yè, àfi igi méjì. Ìdajì kejì kú tán, kò ku ẹyọ kan.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé pẹ̀lú àgbà méjì. Wọ́n rìn yí oko po. Ó ní, "Ìyàwó, o gbìyànjú. Ibi tó yè, tìrẹ ni. Ibi tó kú, mo gbà á."

Mo wólẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ibi tó yè. Ibi tó kú ni kẹ́ ẹ fún mi."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. "Àwọn ọmọ rẹ ńkọ́?"

Mo wo ebè ọkọ mi tó kù sí ìdajì yẹn. Mo tú ọwọ́ mi kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú ọkọ́ wá. Kí oòrùn tó kàtàrí, ó ti tú gbogbo ebè àbúrò rẹ̀ ká, ó sì ń kọ tirẹ̀. Mo dúró láàárín kajú mi, mò ń wò ó, n kò sì lẹ́nu láti ní kó dúró.