Gíláàsì Tí Wọ́n Bá Mi Fọ̀

Ìyàwó mi ò fẹ́ràn àwọn gíláàsì mi rárá. Ife ọtí àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ni mo máa ń kó jọ, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn lọ́ bí okùn. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo máa ń lọ ṣà wọ́n lọ́jà àlòkù ní Catford. Bí mo bá ti gbé òmíràn wá sílé wa ní Peckham, á ní, "Daddy, òkú ta lẹ tún gbé wá yìí? Mùsùlùmí ni wá o." Bí bọ́ọ̀sì bá kọjá nísàlẹ̀, tí wọ́n dún wínníwínní nínú kọ́bọ́ọ̀dù, á ní àwọn tó ni wọ́n ló ń béèrè omi. Èmi á máa fi rẹ́rìn-ín ni.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ nílé, láàárọ̀ ọjọ́ tó máa kú, ó ní ife rọ́bà ń rùn bí ọsibítù. Ó nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù. "Ẹ bu omi fún mi nínú ti àwọn òkú yín." Mo bu ú sínú èyí tó lẹ́wà jù. Kò mu ún dé ìdajì. Òrí tí mo fi pa ètè rẹ̀ lẹ̀ mọ́ etí gíláàsì náà, àmì ẹnu rẹ̀ hàn kedere.

Lẹ́yìn tó kú, mo gbé e tomitomi sójú fèrèsé kíṣìnnì. Mo máa ń kí i láràárọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ pè mí ní wèrè, kó pè mí. Omi inú rẹ̀ ń dín kù. Mo mọ̀ pé oòrùn ló ń fà á, ṣùgbọ́n ọkàn mi ń sọ pé ìyàwó mi ló ń mu ún. Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì ń dùn.

Lọ́jọ́ kẹjọ, a ṣe àdúrà fídáù. Àwọn ìyá àsáláátù wa kì í fi abọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Bí àwọn ààfáà ṣe jẹun tán, àwọn ìyá náà ká apá aṣọ sókè, wọ́n lé mi jáde ní kíṣìnnì. Mo jókòó sí pálọ̀, mò ń ṣe àmín.

Nígbà tí mo padà wọlé, gbogbo nǹkan ti ń dán. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn gbé gíláàsì náà sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Alhaji, ẹ wo bó ṣe mọ́. Òróró kan lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, kò fẹ́ kúrò. Omi gbígbóná ni mo fi rí tiẹ̀ rò."

Kí ni kí n sọ? Pé ẹnu ìyàwó mi lẹ fọ̀ dànù yẹn?

"Ẹ kú iṣẹ́, Mummy," ni mo wí. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́.